Èjìká Tí A Fi Ń Ru Ẹrù: Ọ̀rọ̀ Lórí Kókó Eegun àti Eegun Àtọwọ́dá

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté odò wa ní Onitsha ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ẹ ó rí àwọn aláàárù tí wọ́n ń gbé àpò lé èjìká. Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí èbúté náà ní 1983. Ó dákẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, títí Ààrẹ Goodluck Jonathan fi tún un ṣí ní 2012. A kọ́ ọ kí ẹ̀rọ agbẹ́rù lè máa ṣe iṣẹ́ tí èjìká ènìyàn ń ṣe. Síbẹ̀ èjìká kò tíì fẹ̀yìn tì. Láti etí Odò Ọya títí dé Ọjà Ńlá, èjìká ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń jẹun.

Ọ̀kan nínú wọn ni ó dá wa dúró lẹ́yìn Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó ní kókó kan ti wú sí ẹ̀yìn èjìká òun ọ̀tún láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, pé ẹrù ni ó fà á, àti pé òun ti fi òróró pa á títí ó fi sú òun. Ó fẹ́ kí á gbàdúrà sí i. A gbàdúrà. Nígbà tí a sì wí fún un pé kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n ya fọ́tò eegun náà, ó wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Fadá, bí wọ́n bá ní àwọn yóò gé apá mi ńkọ́?" A kò ní ìdáhùn kankan lẹ́nu ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni a ti ń bi àwọn dókítà tí a mọ̀ léèrè, tí a sì ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ. Arákùnrin náà fún wa láyè láti sọ ọ́ lórí rédíò, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí a ń sọ. Ẹ fi ọwọ́ òsì kọjá lórí èjìká ọ̀tún yín, kí ẹ sì fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀. Eegun pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí ó ní igun mẹ́ta. Ẹ wá rọra gbé apá ọ̀tún yín sókè. Ẹ ó rí i pé eegun náà ń rìn lábẹ́ ìka yín. Ohun ìyanu ni. Eegun yìí kò so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò so mọ́ ìhà. Eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí ó dábùú láti òkè àyà wá sí orí èjìká, ni ó so ó mọ́ ìyókù ara ní ti eegun sí eegun. Iṣan ni gbogbo ìyókù. Iṣan 17 ni àwọn onímọ̀ kà tí wọ́n so mọ́ eegun kan ṣoṣo yìí.

Àwa tí a ń gbé etí odò kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tí a so mọ́ èbúté. Ó léfòó, bí omi bá gbé e, ó gòkè, bí omi bá fà, ó sọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí lọ, nítorí pé okùn kan fà á síwájú, òmíràn fà á sẹ́yìn, igi kan sì tì í kí ó má baà fi ara gbá èbúté. Eegun ẹ̀yìn èjìká ni ọkọ̀ náà. Ìhà tí ó ń yọ́ rìn lórí rẹ̀ ni omi. Iṣan 17 ni okùn, eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sì ni igi. Ní etí ọkọ̀ yìí ni kòtò kékeré kan wà tí kò jìn ju àwo pẹrẹsẹ lọ. Inú rẹ̀ ni orí eegun apá jókòó sí. Bí a bá na ọwọ́ sókè ré kọjá orí, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìrìn náà ni oríkèé apá ń ṣe. Ìdá kan tí ó kù, ọkọ̀ náà ni ó yí tí ó fi ṣeé ṣe. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ abẹ ibẹ̀ fi le. Bí a bá gbé ọkọ̀ kúrò, okùn 17 di aláìníbi-ìso, apá tí ó ti fi í ṣe ìdákọ̀ró yóò sì kàn máa gbọn jìgìjìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara.

Kí ni ó lè mú kí a gbé e kúrò? Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyà yín já: kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Kókó kan wà tí ó máa ń hù lára eegun àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣì ń dàgbà. Bí ọmọ bá ti dàgbà tán, òun náà yóò dáwọ́ dúró, a kì í sì í fi ọwọ́ kàn án bí kò bá yọ ọmọ lẹ́nu. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun. Àwọn tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde mọ bí ìrora ṣe ń mú èjìká, nítorí àrùn náà a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí orí eegun apá. Ní ara àgbàlagbà, jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọmú obìnrin, tàbí láti pírósítéètì ọkùnrin, lè ṣàn dé eegun. Fọ́tò àti àyẹ̀wò ni ó ń ya gbogbo ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Ojú kò lè ṣe é, ìka kò sì lè ṣe é.

Èyí tí a ń bẹ̀rù ni jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú eegun gan-an. Oríṣiríṣi ni. Ọ̀kan ń ti ara eegun rírọ̀ wá, irú eyí tí etí wa fi le, òun ni ó sì máa ń mú àwọn tí wọ́n ti dàgbà. Òmíràn ń mú àwọn ọ̀dọ́, ó fẹ́ràn òkè àti ìsàlẹ̀ orúnkún, ṣùgbọ́n kò yọ èjìká sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí James Ewing, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ní 1921. Ó máa ń mú àwọn ọmọdé, ó sì ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwa ènìyàn dúdú. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Méjì tí a dárúkọ kẹ́yìn ń gba oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ, a sì ń bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Èyí tí a kọ́kọ́ dárúkọ kì í sábà gbọ́ oògùn, abẹ ni ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó jẹ́ kò lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí á sọ èyí kedere fún àwọn aláàárù: ẹrù kì í fa jẹjẹrẹ eegun. Ohun tí ẹrù ń ṣe ni pé ó ń fún wa ní ohun tí a ó di ẹ̀bi rù. Ẹni tí ó ń ru àpò láti òwúrọ̀ di alẹ́, bí èjìká bá ń dùn ún, kí ni yóò rò? Yóò ra oògùn ìrora, yóò fi òróró pa á, oṣù yóò sì máa gorí oṣù. Àmì tí ó yẹ kí á ṣọ́ ni ìrora tí ó ń jí ènìyàn lóru nígbà tí kò ru ohunkóhun. Kókó tí ó ń tóbi sí i. Kókó tí ó ti ju ẹyin adìẹ lọ. Ìrora tí kò lọ lẹ́yìn tí a ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù. A kò bú àwọn tó ń to eegun. Nínú àwa Yorùbá àti láàárín àwọn ará Igbo tí ó gbà wá lálejò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti to eegun wọn tí ó sì jinná. Ṣùgbọ́n eegun tí ó ṣẹ́ yàtọ̀ sí eegun tí nǹkan ń jẹ láti inú. Bí a bá ń fi omi gbígbóná tẹ kókó jẹjẹrẹ, tí a ń fi ọwọ́ wọ́ ọ, tí a ń sín in ní gbẹ́rẹ́, a kò wò ó sàn. Ọjọ́ ni a ń fi ṣòfò, awọ ara tí dókítà ìbá fi bo ojú iṣẹ́ abẹ ni a sì ń bà jẹ́. Àwọn dókítà káàkiri Nàìjíríà ti kọ ọ́ lákọtúnkọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní kókó eegun ni ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, nígbà tí àrùn ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Kí àwa oníwàásù náà má fi ọwọ́ nù. Àdúrà oṣù mẹ́ta láìsí fọ́tò eegun, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú wa rí, ó sì ń dun ọkàn wa títí di òní.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kí á tó mọ irú kókó tí ó jẹ́, a ní láti bu díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ tàbí abẹ náà bá gbà wọlé lè di ọ̀nà tí jẹjẹrẹ yóò gbà jáde. Nítorí náà, oníṣẹ́ abẹ tí yóò ṣe iṣẹ́ ńlá náà ni ó yẹ kí ó yan ibi tí a ó ti bù ú, kí ó baà lè gé ọ̀nà yẹn kúrò pẹ̀lú kókó. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ ya irú kókó bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Àìmọye apá tí ìbá ṣeé gbà là ni ó ti bọ́ nítorí irú abẹ wọ̀nyẹn.

Ní ti gígé apá, ẹ̀rù arákùnrin wa kì í ṣe ẹ̀rù asán, nítorí bí ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1808, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ralph Cuming, gé apá àti èjìká kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára ẹni tí ìbọn bà ní erékùṣù Antigua. Paul Berger ní Paris kọ ìwé lórí bí a ṣe ń ṣe é ní 1887. Fún ìgbà pípẹ́, èyí ni ìtọ́jú tí ó wà fún jẹjẹrẹ èjìká. James Syme ní Edinburgh ti ń gbìyànjú láti yọ eegun ẹ̀yìn èjìká nìkan, kí apá sì kù. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1864. Ní 1928, Linberg, oníṣẹ́ abẹ ará Rọ́ṣíà, tẹ ọ̀nà tí òun àti Tikhoff fi ń ṣe é jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àwọn méjèèjì ni a sì fi ń pè é títí di òní. Wọ́n ń yọ eegun ẹ̀yìn èjìká, orí eegun apá, àti apá kan nínú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ òkè àyà. Èrò wọn rọrùn: ìka ni ó sọ ọwọ́ di ọwọ́. Bí okùn ìmọ̀lára àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gba abẹ́ apá kọjá kò bá farapa, ìka yóò máa mú nǹkan, ìgbọ̀nwọ́ yóò máa ká, bí èjìká kò tilẹ̀ sí mọ́. Bí jẹjẹrẹ bá sì ti wé mọ́ àwọn okùn wọ̀nyẹn, kò sí ọgbọ́n tí ó lè yọ ọ́ kí apá sì kù. Ohun tí ó ń pinnu láàárín méjèèjì, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ọjọ́ tí aláìsàn dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí a bá ti yọ ọ́, kí ni a ó fi dípò? Èyí tí ó rọrùn jù ni kí á so eegun apá rọ̀ mọ́ ohun tí ó kù nínú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí mọ́ ìhà, pẹ̀lú okùn líle tí kì í jẹrà, kí á sì fi iṣan tí ó kù bò ó. Apá kò ní lè gbéra láti èjìká, ṣùgbọ́n kò ní máa fà sílẹ̀. Àwọn kan ń lo eegun òkú tí a tọ́jú sínú yìnyín. Ní ilẹ̀ Japan, wọ́n ń mú eegun aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á fá kókó kúrò lára rẹ̀, wọ́n á rì í sínú náítírójìn olómi tí ó tutù kọjá yìnyín títí ohun gbogbo tí ó wà láàyè nínú rẹ̀ yóò fi kú, wọ́n á sì dá a padà sí ààyè rẹ̀.

Èkejì ni eegun àtọwọ́dá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi irin ṣe èjìká ni Jules Émile Péan, ní Paris, ní 1893. Ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì ni aláìsàn rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ eegun rẹ̀. Dókítà eyín ni ó bá Péan ṣe èjìká náà: platinum ni ara rẹ̀, rọ́bà tí a sè kí ó le ni orí rẹ̀. Ọkùnrin náà lò ó, inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kò jáde kúrò nínú ojú ọgbẹ́, ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà wọ́n ní láti yọ ọ́. Eegun apá nìkan ni Péan fi rọ́pò. Odidi eegun ẹ̀yìn èjìká, ọ̀rọ̀ ìgbà tiwa ni. Ní 2002 ni Martin Malawer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn jáde lórí irú èyí tí orí eegun apá há sínú rẹ̀ kí ó má baà yẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyí. Ẹ̀rọ yóò ya àwòrán èjìká méjèèjì. Nítorí pé àrùn ti ba ọ̀kan jẹ́, wọn yóò mú àwòrán èyí tí ó le, wọn yóò sì yí i padà bí ẹni ń wo dígí. Ọ̀tún yóò di òsì, òsì yóò di ọ̀tún. Láti inú àwòrán yẹn ni ẹ̀rọ mìíràn yóò ti máa yọ́ ìyẹ̀fun titanium, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi di eegun. A kì í sábà ṣe é tóbi tó ti àdáyébá, kí awọ ara lè bò ó láìfa ya. Wọ́n máa ń dá ihò sí etí rẹ̀, nínú ihò wọ̀nyí ni oníṣẹ́ abẹ yóò sì ti so àwọn iṣan tí ó kù padà. Ẹ rántí ọkọ̀ wa: ọkọ̀ tuntun ni, ṣùgbọ́n okùn àtijọ́ ni a ó fi so ó. Bí ó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti jẹ púpọ̀ nínú okùn, pàápàá iṣan ńlá tí ó bo orí èjìká àti okùn ìmọ̀lára tí ń rán an níṣẹ́, ọkọ̀ irin kò ní ìwúlò. Irin kò lè fa ara rẹ̀.

Kí ni aláìsàn ń rí gbà níbẹ̀? Èjìká tí ó dúró bí èjìká nínú aṣọ. Apá tí kò yẹ̀. Ọwọ́ tí ó lè dé ẹnu, tí ó lè dé orí nígbà mìíràn. A kì í sábà rí ẹni tí ó tún lè na ọwọ́ ré kọjá èjìká. Ewu rẹ̀ sì wà: kòkòrò àrùn bí ti ọjọ́ Péan, kí irin tú, kí ó yọ gba inú awọ ara jáde, àti kí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ padà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya fọ́tò èjìká àti ẹ̀dọ̀fóró lóòrèkóòrè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti owó láìfi bò. Eegun tí a ṣe fún ẹnìkan ṣoṣo kì í ṣe ohun tí a ń rí rà ní Ọjà Ńlá. Ibi tí ó yẹ kí aláìsàn láti Onitsha kọ́kọ́ lọ ni ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Enugu, nǹkan bí 100 kìlómítà sí wa. Àwọn tí ilé wọn wà ní ìhà Èkó ní Igbobi, tí ó ti wà láti 1945. Èrò tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí eegun titanium kí ó tó bi dókítà bí síso apá rọ̀ yóò bá tó. Ọwọ́ tí a so rọ̀ ń kọ̀wé, ó ń di bọ́tìnnì, ó ń gbá ọwọ́ ọmọ mú. Yíyọ jẹjẹrẹ tán ni ó ń gba ẹ̀mí là; ohun tí a fi dí ààyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kejì ni.

Ìyá arákùnrin wa bi wá bí kì í bá ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti yọ ohun tí Ọlọ́run fi sí ara. Ọ̀rọ̀ yìí kò le nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ. Ní 1952, nígbà tí Bàbá Mímọ́ Pius Kejìlá ń bá àwọn onímọ̀ ìṣègùn sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé pé ẹ̀yà ara wà nítorí odidi ara, a sì lè fi ẹ̀yà kan sílẹ̀ bí ire odidi ara bá béèrè rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1957, ó tún sọ fún àwọn dókítà pé ìtọ́jú tí kò kọjá agbára ni a jẹ́ ní gbèsè. Èyí tí ó bá di ẹrù tí ó wúwo jù fún aláìsàn tàbí ará ilé rẹ̀, kò pọn dandan. Ẹni tí kò lè ra eegun irin kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ó sì gbà kí a yọ eegun tí ó ti bàjẹ́ kò dẹ́ṣẹ̀. Ní ti ọjọ́ àjíǹde, a wí fún ìyá wa pé Ẹni tí ó mọ eegun náà láti inú rẹ̀ wá kò ní ṣì í mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọn yóò fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti ọjọ́ kìíní ni kí aláìsàn ti máa ká ìka, kí ó máa na án, kí ó máa yí ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ó bá dẹ́kun nítorí ìrora, oríkèé rẹ̀ yóò gan, kò sì sí dókítà tí yóò bá a ká a.

Ìbéèrè tí arákùnrin wa béèrè kẹ́yìn ni bí òun yóò bá tún lè ru àpò ní èbúté. A kò fẹ́ tàn án. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, tí wọ́n sì yọ eegun náà, kò ní lè ru àpò lé èjìká yẹn mọ́ láéláé, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe okùn ni wọ́n fi dí i. Ṣùgbọ́n ó ka ìwé dé ipele kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi ń kọ̀wé. Ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ẹnìkan a máa dúró pẹ̀lú ìwé, tí ó ń ka àpò bí wọ́n ti ń kọjá. Àwọn ọkùnrin ìjọ wa ti dá owó ọkọ̀ lọ sí Enugu fún òun àti ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí ó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò lọ.